Àkúdàáyà Tó Wo Ọ̀tún Wo Òsì

Iná lọ ní Òkèsà nígbà tí góòlù kẹta fẹ́ wọlé.
Fọlágbadé ju páàdì sílẹ̀, ó ní òun ti jẹ ẹ́.
Ìbídàpọ̀ ní, góòlù tí kò tíì wọlé?
Ẹyin tó ṣì wà nínú adìẹ, ta ló ń fi í dín ata?

Èmi wà nídìí máṣíìnì mi,
aṣọ funfun ìyàwó pásítọ̀ lórí itan mi,
píìnì mẹ́ta lẹ́nu.
Ẹ ò mọ ìyà tó wà nínú kí ẹ̀rín máa gbọ̀n yín
kí píìnì sì wà láàárín eyín yín.

Jẹnẹrétọ̀ ò ní epo. Ṣọ́ọ̀bù ṣú bí inú ìkòkò.
Nígbà tí ojú ò rí iṣẹ́ ṣe mọ́,
ẹnu gbà á lọ́wọ́ ojú.

Àgbéléyẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ fíìmù sílẹ̀,
èyí tó wò mọ́jú, láti apá kìíní dé apá kẹrin.
"Obìnrin yẹn ti kú láti apá kejì.
Ó jí, ó ń lọ gbẹ̀san lára ọkọ rẹ̀.
Ó dé etí títì. Ó dúró.
Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó tún wo ọ̀tún.
Àkúdàáyà! Ó jẹ́ kí tírélà kọjá kó tó sọdá!"

Fọlágbadé ní kí ló burú níbẹ̀,
ṣé Àgbéléyẹ̀ ò rí bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lójú ọ̀nà Òṣogbo ni?
Wọ́n lè pa òkú lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbídàpọ̀ ní aṣọ ara òkú náà ló ń ya òun lẹ́nu:
ọdún mẹ́ta nínú erùpẹ̀,
ojú áyọ́ọ̀nù ṣì hàn lára rẹ̀ ketekete.
Ó yíjú sí ọ̀gangan ibi tí mo wà.
"Mosúnmọ́lá, ọṣẹ wo ni wọ́n ń tà lọ́run?"
Mo fi imú dá a lóhùn.

Ó wá kan orin,
orin tuntun tí àwọn ọlọ́kadà fi ń la Ìsọkùn já.
Fọlágbadé ní òun mọ̀ ọ́n láti òkè délẹ̀.
A ní kó kọ ọ́.
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú orin náà:
owó, ìdí, àti "ẹ̀ẹ́ẹ̀".
Ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ṣi ọ̀kan kọ.

Ìbídàpọ̀ ní orin ti parí láyé bàbá òun,
nígbà tí olórin ń ki èèyàn títí kan ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.
"Ṣé bàbá kan náà," ni Àgbéléyẹ̀ wí,
"tó máa ń sùn ti rẹ́díò títí bátìrì á fi kú?"
"Òun náà ni. Orin gidi ń mú àgbà sùn."

Kò yẹ kó dárúkọ ẹni tó jẹni lówó.
"Ẹgbẹ̀rin náírà mi ńkọ́, Fọlágbadé,
ti góòlù ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"
Òkùnkùn dákẹ́.
"Iná ti lọ," ni Fọlágbadé wí,
bí ẹni pé gbèsè ń lo iná.

Mo gbọ́ tí orúnkún kan ró kàù.
Ìbídàpọ̀ ti lóṣòó síwájú rẹ̀.
"Bàbá tó bí bàbá mi lóṣòó gba owó aṣọ dé ilẹ̀ Tápà.
Owó géèmù lásán-làsàn!
Òṣó ni màá lò. Lọ bá mi gbé iyán wá síbí."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín borí mi.
Píìnì mẹ́ta fò jáde.
A fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá wọn, a rí méjì.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyàwó pásítọ̀.

Iná ò dé. Mo kó aṣọ náà lé èjìká, mo ti ṣọ́ọ̀bù;
Ìbídàpọ̀ ṣì lóṣòó níta, lójú pópó.
Mo dé etí títì.
Mo wo ọ̀tún. Mo wo òsì.
Ọlọ́kadà kan ń bọ̀, iná rẹ̀ tàn sí funfun tó wà lára mi.

Ó ṣẹ́rí padà. Kò tilẹ̀ dúró gba owó lọ́wọ́ èrò tó gbé.